Sáfúrọ́nì inú wàrà fún aláboyún: ṣé kí n mu ún?

Ìyàwó Kékeré, Ìbàdàn, béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Lára ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni ike sáfúrọ́nì kan, fọ́nrán pupa inú òdòdó tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, tí àwọn áfáà wa ń pè ní sáfáránì. Oyún inú mi ti wọ oṣù kẹrin. Wọ́n ní kí n máa po ṣíbí ìjẹun kan mọ́ wàrà gbígbóná lálaalẹ́, pé ọmọ á pupa, ara rẹ̀ á sì máa dán. Wọ́n ní ó tún ń lé ìrònú, ó ń tún ojú ṣe, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo kọ oore wọn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n mu ún? Bí kò bá sì ṣeé mu, ṣé mo lè dà á sínú jọ́lọ́ọ̀fù?

* * *

Àbúrò mi, dákun, má tíì fẹnu kàn án.

Ṣíbí ìjẹun kan yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló já mi láyà jù nínú ohun tí o kọ. Bí fọ́nrán sáfúrọ́nì gidi bá kún ṣíbí ìjẹun, ó ju gíráàmù 2 lọ. Ṣíbí tíì gan-an tó nǹkan bí 0.7 gíráàmù. Ohun tí àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ gbà ni pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè jẹ tó 1.5 gíráàmù lóòjọ́ kó má ṣe é ní nǹkan. Bó bá ti ń tó gíráàmù 5, ó ti di májèlé. Gíráàmù 12 sí 20 lè gbẹ̀mí èèyàn. Ẹni tí kò lóyún là ń wí o! Ti aláboyún tún yàtọ̀: sáfúrọ́nì tó bá pọ̀ máa ń mú ilé-ọmọ súnkì, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lò ó láyé àtijọ́ láti ṣẹ́yún.

Fọ́nrán mẹ́ta mẹ́rin nínú ìrẹsì kò ní wàhálà. Àwọn aláboyún Ìráànì ń jẹ ẹ́ nínú oúnjẹ wọn. Ṣíbí ìjẹun kan lálaalẹ́ ti kúrò ní oúnjẹ, ó ti di oògùn, oògùn tí nọ́ọ̀sì rẹ kò sì mọ̀ sí.

Ní ti pé ọmọ á pupa, kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Íńdíà ni ìgbàgbọ́ yẹn ti gbilẹ̀. Wọ́n máa ń fún ìyàwó tó lóyún ní wàrà oní-sáfúrọ́nì pé kí àwọ̀ ọmọ lè mọ́. Ara bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún àwọ̀ rẹ̀, ohun tí ìyá mu lóṣù kẹrin kò dé ibẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń kọ "sáfúrọ́nì" sára ọṣẹ àti ìpara ìbóra ní Èkó, tí wọ́n tún wá ń gbé e wọ inú oyún. Ọmọ dúdú kò ní àbùkù kankan tí ẹnikẹ́ni ní láti wẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kó tó dáyé.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sọ ni pé, "Ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n ti rà á, kò lè jẹ́ ayédèrú." N kò gbà. Sáfúrọ́nì tí ẹ ń rí ní ọjà Mẹ́kà, òkèèrè ló ti ń bá àwọn náà wá. Bí a bá pín sáfúrọ́nì gbogbo ayé sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń ti Ìráànì wá, pàápàá ẹkùn Khorasan. Ìyókù ń ti Kashmir, Afghanistan, Sípéènì, Gíríìsì àti Mòrókò wá. Ọjà tó bá wọ́n, tó sì rìn jìnnà báyẹn, ọwọ́ tó máa kàn án kí ó tó dé ọwọ́ Àlàájà pọ̀, ẹnikẹ́ni láàárín wọn ló sì lè da nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ẹ wo ohun tó mú un wọ́n. Òdòdó kékeré aláwọ̀ àlùkò ni. Nínú òdòdó kan, fọ́nrán pupa mẹ́ta péré ló wà, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan sì ni sáfúrọ́nì. Nígbà tí òtútù bá ń wọlé, láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ni ó máa ń tanná. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n máa ń já a kí oòrùn tó mú, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọwọ́ yọ fọ́nrán yẹn láti inú òdòdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá mú un gbẹ. Kí kílò kan tó gbẹ tó lè pé, òdòdó tó nǹkan bí 150,000 ni wọ́n ní láti já. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ike ńlá kan fún yín ní iye owó ata gígún, nǹkan mìíràn ló ń tà.

Ìwà yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, ní 1444, wọ́n dáná sun oníṣòwò kan pa pẹ̀lú àdàlù sáfúrọ́nì tó ń tà.

Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nílé oúnjẹ àwọn ará Ìráànì kan ní London kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná òde fúnra mi, ibẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá wa nínú kíṣìnì kì í wo ike, kì í sì í ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Fọ́nrán gidi tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, orí rẹ̀ wá là bí ẹnu kàkàkí. Á fi ọ̀kan sórí ahọ́n: ó gbọ́dọ̀ korò. Bó bá dùn, wọ́n ti fi oyin tàbí ṣúgà kún un kó lè wúwo. Á gbọ́ òórùn rẹ̀: oyin díẹ̀, koríko gbígbẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá ju fọ́nrán bíi márùn-ún sínú omi tútù, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ gidi, omi á rọra máa di yẹ́lò, fọ́nrán á ṣì pupa lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí omi bá pọ́n lójú ẹsẹ̀ tí fọ́nrán sì ṣá, aró ni wọ́n pa á.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú rẹ̀ pọ̀: irun àgbàdo tí wọ́n pa láró, fọ́nrán ẹran gbígbẹ, atalẹ̀ pupa bó bá jẹ́ lílọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni òdòdó safflower, torí ó rọrùn láti gbìn, kò sì wọ́n.

Àbúrò mi, yẹ tìrẹ wò bẹ́ẹ̀, kí o padà wá sọ fún wa.

* * *

Ìyàwó Kékeré: Ẹ ṣeun mà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Kò pẹ́ rárá tí omi fi di àwọ̀ ọsàn. Nígbà tí mo tú u sí àtẹ́lẹwọ́, ewé òdòdó wẹ́wẹ́ tó ti rún ló pọ̀ níbẹ̀, òmíràn yẹ́lò, òmíràn pupa rúsúrúsú. N kò rí ọ̀kankan tí orí rẹ̀ là. Kò korò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn.

* * *

Safflower nìyẹn. Nǹkan gidi lòun náà, wọ́n ń fi òdòdó rẹ̀ pa aṣọ láró, wọ́n sì ń fún òróró lára kóró rẹ̀. Àmọ́ sáfúrọ́nì kọ́. Má mu ún. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ń lo òdòdó yìí láti mú kí nǹkan oṣù wá, àwọn náà sì ń kìlọ̀ fún aláboyún pé kó jìnnà sí i. Gbé ike náà dání bí o bá ń lọ sí klíníkì, kí nọ́ọ̀sì fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹnì kan nínú yín ní kó gba ike, kó dúpẹ́, kó wá dà á nù ní kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àlàáfíà ilé ni ẹ ń wá, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Bí Màmá kò bá mọ̀, wọ́n lè fún aláboyún mìíràn nínú ẹbí. Kò sì sí ìdí láti sọ fún wọn pé ayédèrú ni wọ́n rà bọ̀. Ẹni tó tà á fún wọn ló ṣẹ̀ wọ́n, àwọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. "Mà, nọ́ọ̀sì ní kí n má mu èròjà kankan yàtọ̀ sí oògùn tí wọ́n fún mi títí máa fi bí, ó sì ní kí aláboyún kankan má mu èyí." Ìyẹn ti tó. Bí ọkọ rẹ bá lè bá ọ sọ ọ́, ó tún dára jù.

* * *

Ọ̀pọ̀ ti wá ń béèrè pé ṣé gbogbo àǹfààní tí wọ́n ń kà sílẹ̀ yẹn irọ́ ni. Rárá o, kì í ṣe irọ́ pátápátá, àsọdùn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ti ìrònú ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ní 2004, àwọn oníwádìí ní Tehran kó ọgbọ̀n ènìyàn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn imipramine, wọ́n fún àwọn yòókù ní sáfúrọ́nì 30 mílígíráàmù lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìtura tí apá méjèèjì rí sún mọ́ra. Ní 2005, wọ́n tún fi wé fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mìíràn, lára ogójì ènìyàn, bákan náà ló rí. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, púpọ̀ nínú wọn ló sì fi hàn pé ó ń ran ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ kò tíì le jù lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ nìyí. Àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí kò pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ọdún kan, oje rẹ̀ tí wọ́n yọ sínú kápúsù ni wọ́n sì lò, kì í ṣe wàrà tí a po nílé. Ẹ wá wo 30 mílígíráàmù yẹn: nǹkan bíi fọ́nrán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún jẹ́ ìlọ́po àádọ́rin rẹ̀! Ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ pé "bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó", inú ìwádìí wo lẹ ti rí ìyẹn?

Ti ojú, ìwádìí kan jáde ní Ítálì ní 2010 lórí àwọn àgbà tí àárín ẹyinjú wọn ń bàjẹ́. 20 mílígíráàmù lóòjọ́ ni wọ́n fún wọn, ojú wọn sì gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa sí i díẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ṣe é kò pọ̀ rárá. Ó dùn mọ́ni, kò tíì tó ohun tí èèyàn á torí rẹ̀ fi dókítà ojú sílẹ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú mi bínú. Ọ̀gbẹ́ni kan kọ ọ́ sókè yìí pé bàbá òun ti pa oògùn wọn tì láti ìgbà tí wọ́n ti ń mu tíì sáfúrọ́nì, pé "ara wọn ti balẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dá Bàbá padà sídìí oògùn wọn lónìí, kí ẹ sì lọ wọn ìfúnpá wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ara tó balẹ̀ kò fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀. Ohun tí sáfúrọ́nì lè mú wálẹ̀ nínú rẹ̀ kéré gan-an. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó ra kápúsù sáfúrọ́nì kankan. Èyí tó wà nínú ìrẹsì ọjọ́ Àìkú kò kàn wọ́n.

* * *

Ẹ̀yin tó ń béèrè nípa hàǹtú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí áfáà kọ, tí a sì ń mu: n kò ní bá yín jiyàn ẹ̀sìn. Sáfúrọ́nì ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí fún kíkọ àti fún òórùn dídùn; ẹ̀yin tó ti lọ Hajj mọ̀ pé ẹni tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ Hajj kò gbọdọ̀ lo aṣọ tí wọ́n fi sáfúrọ́nì pa láró. Ohun tí mò ń sọ ni pé hàǹtú jẹ́ mímu. Ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá ní ọjà, tó ń pa ìka láró fún ọjọ́ méjì, ẹ má fọ̀ ọ́ sínú omi kí ẹ gbé e fún ọmọdé mu. Aró aṣọ kì í ṣe ohun ẹnu. Bí áfáà bá ní sáfáránì ni wọ́n fẹ́, ẹ ra fọ́nrán, kí ẹ lọ̀ ọ́ lójú ara yín.

* * *

Ó yá, kíṣìnì. Ibẹ̀ gan-an ni sáfúrọ́nì ti wúlò jù, ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ oògùn ti fẹ́ gbé e mì.

Èrò mi lórí jọ́lọ́ọ̀fù: ẹ má dà á sí i. Mo mọ̀ pé àwọn alásè kan ti ń kọ "jọ́lọ́ọ̀fù oní-sáfúrọ́nì" sórí ìwé oúnjẹ wọn. Tàtàṣé, tòmátò, rodo, kọ́rì, táímù, omi ẹran, èéfín ìsàlẹ̀ ìkòkò: níbo ni òórùn jẹ́jẹ́ yẹn fẹ́ gbà yọjú? Àwọ̀ rẹ̀ á rì sínú ata. Ohun kan tún wà níbẹ̀: crocin, èròjà tó ń fún un láwọ̀, omi ló ń yọ ọ́ jáde, òróró kì í yọ ọ́. Àwa sì rèé, inú òróró gbígbóná la ti ń din ata. Owó yín á jóná níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ ka fọ́nrán bí ọgbọ̀n fún ìkòkò ìrẹsì ènìyàn mẹ́rin. Ẹ fi sínú odó kékeré pẹ̀lú ṣúgà tí ìka méjì lè mú, torí ṣúgà ló ń jẹ́ kó kúnná. Ẹ gún un títí á fi di ìyẹ̀fun. Ẹ bu omi gbígbóná ṣíbí mẹ́ta lé e, omi tó ti kúrò lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, yìnyín ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á da ìyẹ̀fun sínú àwo funfun, wọ́n á gbé ègé yìnyín méjì lé e, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò ó. Àwọ̀ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ yọ létí ibi tí yìnyín fi kan ìyẹ̀fun, á máa fẹ̀ bó ṣe ń yọ́, títí gbogbo àwo á fi pọ́n, tí òórùn rẹ̀ á sì gba orí tábìlì.

Àwọn méjì ti ń bára wọn fa èyí níbí, ọ̀kan ní omi gbígbóná ń bà á jẹ́, èkejì ní yìnyín kò mú un jáde tán. Mo ti lo méjèèjì fún òde. Òórùn ti yìnyín dára díẹ̀ sí i, ti omi gbígbóná yá, ó sì tó fún ẹni tí àlejò ti jókòó dè. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹ gbé e ka iná kó hó.

Ẹ wá se ìrẹsì funfun, básímátì bó bá wà, kó jinná àmọ́ kó má rọ̀. Ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú abọ́, ẹ da omi sáfúrọ́nì sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ wá wọ́n ọn sórí ìrẹsì funfun tó kù. Yẹ́lò àti funfun á jọ wà nínú àwo kan. Bí ẹ bá fẹ́ èépá, àwọn ará Ìráànì kì í fi í sílẹ̀ fún orí ire, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tahdig ni wọ́n ń pè é: òróró, yúgọ́ọ̀tì díẹ̀, omi sáfúrọ́nì àti ìrẹsì díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, ìrẹsì yòókù lórí rẹ̀, iná jẹ́jẹ́ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi gbẹ, kó sì pọ́n. Ilé tí wọ́n ti ń du èépá bíi tiwa, wọ́n á jẹ ẹ́ tán kí àwọn àgbà tó jókòó.

Fún adìẹ: omi ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà rírìn, yúgọ́ọ̀tì, iyọ̀, omi sáfúrọ́nì. Ó sùn mọ́jú, ó di orí ẹyín iná. Ẹ má fi kọ́rì sí i.

Ẹni tó kọ pé atalẹ̀ pupa lè ṣe gbogbo rẹ̀: àwọ̀ ló lè fún yín, òórùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Atalẹ̀ pupa ní ọbẹ̀ tirẹ̀, mo sì ń lò ó. Bí owó kò bá sí fún sáfúrọ́nì, ẹ jẹ ìrẹsì yín ní funfun, ó sàn ju kí ẹ pe atalẹ̀ pupa ní ohun tí kì í ṣe.

* * *

Arákùnrin tó wà ní Jos, tí wọ́n fẹ́ ta kóró sáfúrọ́nì fún láti gbìn: ẹ má san owó yẹn. Sáfúrọ́nì kò ní kóró. Igi rẹ̀ yàgàn, kì í so èso. Isu kékeré abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tú tí wọ́n sì ń pín gbìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta kóró rẹ̀, jìbìtì ni. Ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn, bí oṣù keje àti ìkẹjọ, ni isu yẹn máa ń sùn, ó fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ nígbà náà, á wá tanná nígbà tí òtútù bá dé. Òjò oṣù keje àti ìkẹjọ tiwa á mú kó jẹrà mọ́lẹ̀. Wọ́n gbìn ín rí ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, débi pé ìlú kan níbẹ̀ ń jẹ́ Saffron Walden títí dòní, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Jos.

* * *

Ìyàwó Kékeré: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì ti gba ike náà lọ́wọ́ mi, Màmá sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Wọ́n ní bí mo bá bí tán, àwọn á ra ojúlówó fún ìkómọ. Gíráàmù kan á ha tó bí?

* * *

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀, wàá gbóhùn ìyá, wàá gbóhùn ọmọ.

Fọ́nrán bí 450 ló wà nínú gíráàmù kan. Bí o bá ń fi ọgbọ̀n se ti ènìyàn mẹ́rin, á tó ọgọ́ta àwo. Ìkómọ Ìbàdàn kò ní mọ sí ọgọ́ta, nítorí náà ẹ se jọ́lọ́ọ̀fù fún èrò, kí ẹ se ìkòkò oní-sáfúrọ́nì sọ́tọ̀ fún Màmá àti àwọn àgbà tó bá wọn jókòó. Kí wọ́n ra fọ́nrán, kí wọ́n má ra lílọ̀, kí wọ́n sì wo ara ike bóyá wọ́n kọ ISO 3632 sí i, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ lágbàáyé nìyẹn. Síbẹ̀ kí ẹ dán an wò nínú omi tútù. Bí wọ́n bá rà á ṣáájú, ẹ fi sínú agolo tó dé pinpin, níbi tó gbẹ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ẹ má gbé e sórí síìfù ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Èyí tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ gún, torí èyí tí a ti gún kì í pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi ń lọ.